Ìkìlọ̀: ọ̀dà dúdú abẹ́ jíìpù kì í ṣe àtúnṣe, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra 4Runner, Land Cruiser, Pathfinder tàbí Wrangler àtijọ́, tí ẹ ní i lọ́kàn pé ẹ ó máa tún bọ́dì rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń ta jíìpù tí ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Wọ́n á ní: "A ti jó gbogbo ibi tó lu, a ti kun abẹ́ ẹ̀, ẹ kàn máa wà á lọ ni." Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n fọ́n ọ̀dà dúdú tó nípọn lé ìpẹtà lórí, wọ́n sì fi bọ́dì-fílà (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi sára ọkọ̀, tó máa ń le tó bá gbẹ) dí ihò tó wà lára ilẹ̀kùn àti òkè taya. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bíi mélòó kan, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Owó tí ẹ máa fi tú iṣẹ́ ọjọ́ méjì yẹn palẹ̀ lè ju owó tí ẹ fi ra ọkọ̀ lọ.

Iyọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù tokunbo tó ń gúnlẹ̀ sí Apápá, Tin Can àti Kùtọnu ti lo ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́: Michigan, Ohio, Pennsylvania, New York, apá ìlà oòrùn Kánádà. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ á ta sí abẹ́ ọkọ̀, á gba àwọn ihò kéékèèké wọ inú ṣásí (irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó gbé bọ́dì dúró), torí inú ṣásí jíìpù ṣófo bí inú páìpù. Omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá tún rin, iyọ̀ yẹn á fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin á tún máa jẹ. Ọ̀rinrin Èkó kò ní jẹ́ kó sinmi. Láti inú ló ti ń jẹ bọ̀ síta, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá fi máa rí ọ̀dà tó wú bí ìléròrò nídìí ilẹ̀kùn, irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lọ tipẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀ rárá, ẹ gba nọ́mbà VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀. Lẹ́tà àti nọ́mbà 17 ni; ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn. Ẹ sanwó fún ìwé ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Carfax tàbí AutoCheck, ó máa ń to ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Jíìpù tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Arizona kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó lo ọdún méjìlá ní Ohio, ì báà jẹ́ ọdún kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n. Oníṣòwò lè sọ fún yín pé lẹ́tà J ló bẹ̀rẹ̀ nọ́mbà náà, pé Japan ni, pé irú rẹ̀ kì í dípẹtà. Lẹ́tà J kò sọ ju pé Japan ni wọ́n ti ṣe é. Kò sọ ibi tó ti rìn. Ẹni tó bá sì kọ̀ láti fi VIN ránṣẹ́, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Orúkọ Toyota náà kò tó gbẹ́kẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣásí tó ń dípẹtà: Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, Sequoia 2005 sí 2008. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọkọ̀ lọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì pààrọ̀ ṣásí fún àwọn tí tiwọn ti lu. Àwọn ọkọ̀ yìí wà nílẹ̀ wa. Tí ẹ bá ń wo ọ̀kan nínú wọn, ẹ wò ó bóyá ìwé ìtàn rẹ̀ sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ṣásí. Èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀ ló dáa jù láti rà.

Ibi tí jíìpù kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ yàtọ̀ síra. 4Runner 1996 sí 2002, ẹ lọ tààrà sí apá ẹ̀yìn ṣásí, níbi tí irin gígùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, àti òkè ibi tí ṣásí ti tẹ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wrangler TJ, 1997 sí 2006, iwájú taya ẹ̀yìn ni: ẹrọ̀fọ̀ ń dí ihò tí omi fi ń jáde nínú ṣásí, ó wá ń jẹrà níbẹ̀. Pathfinder 1996 sí 2004 àti ìbejì rẹ̀ Infiniti QX4 kò ní ṣásí tó dá dúró, bọ́dì rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ilé ṣọ́ọ̀kì iwájú lọ́tùn-ún lósì, lókè àti lábẹ́. Tó bá ti lu níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bá wọn dúnàádúrà. Land Cruiser 80, abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn búútù.

Ó ti di abẹ́ ọkọ̀ wàyí. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, òòlù kékeré kan, sìkírúdíráífà olórí pẹrẹsẹ àtijọ́ kan, àti òòfà pẹlẹbẹ irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró o. Ẹ má sì fi jáàkì gbé e níbi tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò, torí jáàkì ti la irin tó ti jẹ kọjá rí.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò lábẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe irin, rọ́bà ni. Níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀, wọ́n ti kun ṣásí kí wọ́n tó so búùṣì (rọ́bà tó wà ní oríkèé irin), páìpù rọ́bà bíréékì àti wáyà mọ́ ọn. Ojú rọ́bà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú rọ́bà. Tí ẹ bá rí i tí ọ̀dà dúdú ti bo búùṣì, tó ti bo orí nọ́ọ̀tì, tó ti ta sára sàlẹ́ńsà àti páìpù bíréékì, ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n ọn ni, ẹni tó fọ́n ọn sì ń kánjú. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tòótọ́ máa ń fi téèpù àti bébà bo gbogbo ìwọ̀nyẹn. Ẹ fi eyín kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà náà. Tó bá di irin mú, tí kò ṣí, ó dára. Àmọ́ tó bá ṣí bí awọ, tí èèpo pupa tẹ̀lé e ní ìpele-ìpele bí ìwé tí omi ti wọ̀, lórí ìpẹtà ni wọ́n kùn ún lé. Ọ̀dà yìí tún ń pa kún ewu ni, torí ó sé ọ̀rinrin mọ́ inú, irin á máa jẹ lábẹ́ rẹ̀ kíákíá ju bí wọn kò bá kùn ún rárá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí òmíràn. Irin tó le á dún kàn-án kàn-án. Ibi tó ti jẹ á dún gbọ̀, gbọ̀, bí ẹni ń kan páálí. Ẹ tẹ́tí sí inú rẹ̀ náà: tí ẹ bá kàn án, tí ẹ gbọ́ tí nǹkan ń dà sísàlẹ̀ nínú ṣásí bí gàrí tí wọ́n ń kù, èèpo ìpẹtà ló ń já bọ́ yẹn, ògiri ṣásí ti fẹ́lẹ́ láti inú. Ibi tó bá dún gbọ̀, ẹ fi sìkírúdíráífà tì í dáadáa. Bí oníṣòwò bá pariwo pé ẹ fẹ́ ba ọkọ̀ òun jẹ́, ẹ dá a lóhùn pé sìkírúdíráífà kì í wọ irin tó dá ṣáṣá.

Òòfà wà fún bọ́dì. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, ẹ gbé e kiri òkè taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí ilẹ̀kùn, àti ibi tí ẹsẹ̀ ń gùn wọlé. Kò ní di bọ́dì-fílà mú, torí bọ́dì-fílà kì í ṣe irin. Àmọ́ ọgbọ́n kan ti wà tí wọ́n fi ń tan òòfà: wọ́n á fi rífẹ́ẹ̀tì kan páànù òrùlé mọ́ ojú ihò, wọ́n á wá fi bọ́dì-fílà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó. Òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti abẹ́. Ẹ̀yìn irin tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ máa ń jọ̀lọ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ á ní etí méjì, tàbí kí ọwọ́ yín kan bọ́dì-fílà tó gba inú ihò yọ gúlúgúlú. Àwọn míì tilẹ̀ ń ki bébà àti fóòmù ìjókòó bọ inú ihò kí wọ́n tó dí i. (Land Rover Defender àtijọ́ yàtọ̀: alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù lára bọ́dì rẹ̀, òòfà kò ní dì í mú, kò sì túmọ̀ sí pé fílà ni. Ṣásí rẹ̀ ní tirẹ̀, irin ni, ó sì ń jẹ gan-an.)

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti búútù sókè. Tí wọ́n bá ní ó lẹ̀, kò ṣeé ká, ẹ máa lọ.

Ẹ̀tàn kejì wà fún ẹ̀yin tí ẹ ti ra ọkọ̀, tí ẹ wá gbé e fún panẹ́ẹ̀bítà, tàbí tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é nílé. Ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ni owó irin gidi, ohun tí wọ́n máa lò ni páànù òrùlé. Páànù òrùlé kì í sábà tó ìdajì mìlímítà. Irin bọ́dì jíìpù jẹ́ 0.8 sí 1 mìlímítà, ìyẹn ló sì yẹ kí àlẹ̀mọ́ jẹ́. Ti ṣásí gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 3. Ara dúrọ́ọ̀mù epo àtijọ́ sàn ju páànù lọ fún bọ́dì, tí wọ́n bá ti fọ epo inú rẹ̀ kúrò dáadáa kí iná tó kàn án. Páànù tó ní síǹkì lára tún ń tú èéfín funfun jáde tí wọ́n bá ń jó o, èéfín yẹn sì ń fún ẹni tó bá fà á símú ní ibà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àtúnṣe tòótọ́ rèé, kí ẹ lè mọ èyí tí kì í ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ tú wáyà ẹsẹ̀ òdì bátìrì, wọ́n á yọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì sọ táǹkì epo kalẹ̀ tí iṣẹ́ bá wà nítòsí rẹ̀. Wọ́n á fi gíráńdà gé ibi tó jẹ kúrò, kọjá ìpẹtà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 yíká, títí irin á fi máa dán. Ẹ̀rọ MIG (ẹ̀rọ ìjórin oníná mànàmáná) tó ń lo wáyà 0.6 tàbí 0.8 mìlímítà ni kí wọ́n fi jó o, kì í ṣe gáàsì. Iná gáàsì ń gba ilẹ̀ púpọ̀, irin á ká, ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ á jóná jìnnà, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà tuntun á ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú MIG náà, kí wọ́n máa tọ́ ọ ní tótó-tótó, kí wọ́n fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí wọ́n jẹ́ kó tutù títí ọwọ́ á fi lè gbà á kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Lẹ́yìn gíráńdà, kí wọ́n kun epoxy primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń di irin mú), kí wọ́n fi sealer (lẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé) dí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé. Bọ́dì-fílà ló kẹ́yìn, kó má ju mìlímítà 3 lọ. Gírámù 2 hardener (èròjà tó ń mú fílà le) sí gírámù 100 fílà ló tó: tó bá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ á gba ọ̀dà yọ, tó bá kéré jù, kò ní le láéláé. Wọ́n á sì fọ́n ìda olómi sínú ihò láti ẹ̀yìn. Wọ́n máa ń fo èyí jù, bẹ́ẹ̀ láìsí i, ojú ibi tí wọ́n jó ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà.

Ẹ bá panẹ́ẹ̀bítà ṣe àdéhùn yìí kó tó bẹ̀rẹ̀: ẹ fẹ́ fojú rí irin lásán, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀, kí bọ́dì-fílà tó gun orí rẹ̀. Ẹ má san owó ìyókù títí dìgbà yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún òògùn ìpẹtà inú ike tí kò ní orúkọ. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, tó ní tannic acid, máa ń sọ ìpẹtà di dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kán an sórí ìṣó tó ti dípẹtà níwájú ẹni tó ń tà á. Tó bá pupa síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìpẹtà ojú irin nìkan ló sì wà fún, kò lè dá irin tó ti lu padà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ra irú ọkọ̀ yìí kí ẹ tó ka èyí, ẹ kan ṣásí yín lónìí. Tí ìdí irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ti lu, tàbí tí páìpù bíréékì irin tó gba ara ṣásí bá ti wú, ẹ má gbé e wọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ má fi fa ohunkóhun. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń jó ṣásí, ẹ má dán èyí wò fúnra yín nílé. Ẹ pa rìsíìtì, fọ́tò ìpolówó àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò bá yín sọ lórí WhatsApp mọ́. Àwọn ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, máa bi yín tí ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn.