Àwo Sunny Adé Àtijọ́: Èwo Ló Yẹ Kí Ará Abuja Náwó Lé?

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Abuja, tí ó sì sọ pé òun fẹ́ ra orin King Sunny Adé ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, yóò rí i pé ohun tí àwọn olùtajà máa ń kọ́kọ́ nà sí òun kì í ṣe ohun tí òun ń wá. Wọn yóò gbé Juju Music tí ilé iṣẹ́ Island gbé jáde ní 1982 fún un, tàbí Synchro System ti 1983, tàbí Aura ti 1984 tí Stevie Wonder bá a fun hamóníkà sí. Ojúlówó àwo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí àkọ́kọ́ wọn tó jáde, Sunny Adé ti ń ṣe àwo fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orin tí mo ń sọ níhìn-ín ni ti 1967 sí 1974, nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ African Songs ní Èkó.

Ọ̀nà tí ó yá jù láti mọ ìyàtọ̀ ni kí ẹ wo ìwé àárín àwo, kì í ṣe àwòrán ara àpò. Sunny Adé kúrò lẹ́yìn Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tí ó ń darí ẹgbẹ́ olórin Federal Rhythm Dandies nígbà náà, ó sì dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Àwo tí ó bá ní Green Spots àti African Songs lára, ti àkọ́kọ́ ni. African Beats ni ẹgbẹ́ náà padà ń jẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó sì da òun àti African Songs rú ní nǹkan bí 1974, ó dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Àwo tí ó bá ní Sunny Alade lára, bó ti wù kí eruku bò ó tó, kì í ṣe ti ìgbà tí à ń wí. Etí náà lè dá a mọ̀: bí ẹ bá ti gbọ́ pedal steel, gìtá tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù máa ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tí ohùn rẹ̀ ń fà bí ẹni ń sunkún, ẹ ti kọjá African Songs.

Nínú àwọn ti African Songs, àwo kékeré oní-íǹṣì méje ni ó gba ìṣọ́ra jù. Ìgbà 45 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Nítorí èyí, orin ibẹ̀ kì í fi àkókò ṣòfò: gìtá á dá a, Sunny á fi ohùn òkè bíi ti Túndé Nightingale, olórin jùjú tó ṣáájú rẹ̀, gbà á, gángan á dá sí i, ó parí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ orin rẹ̀ tí ó ń gba gbogbo ojú àwo ńlá lè rò pé ẹlòmíràn ni. Challenge Cup ti 1968, tí ó fi kọrin bọ́ọ̀lù, ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi gbogbo, òun ni ẹ sì lè rétí láti bá pàdé. Ní ti Alánú l'Olúwa ti 1967, àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń ní ẹ̀dà mẹ́tàlá péré ni wọ́n rí tà. Bí ẹnì kan ní ọjà Wuse bá sọ pé òun ní i nílé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbé e wá kí ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Ẹ yọ àwo kúrò nínú àpò, ẹ dì í mú létí, kí ẹ sì gbé e dagun síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ìlà tí èékánná kò bá kọ́ kò ní pa orin lára púpọ̀. Èyí tí èékánná bá há sí, abẹ́rẹ́ náà yóò há síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, nítorí ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin níhìn-ín máa ń ká àwo bí ewé gbígbẹ. Àwo tí ó ti Èkó wá sábà máa ń ní èbu, èyí tí a lè fọ̀. Ti Kaduna àti Kano, eruku ọyẹ́ ni, gbogbo ìgbà tí wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ lé e ni eruku yẹn ti ń ha á bí iyanrìn. Èbu tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Bí iná bá ṣe ń wá ni ọ̀pọ̀ gíràmafóònù àtijọ́ ṣe ń yí. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ń sáré jù tàbí tí ó ń fà, ohùn gìtá á ròkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kubwa ti gbà pé àwo òun ti bàjẹ́, àfi ìgbà tí NEPA mú iná dé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ pé síìdì ni kí ó kọ́kọ́ rà. Ilé iṣẹ́ Shanachie ti Amẹ́ríkà ṣe méjì lórí orin 1967 sí 1974: The Best of the Classic Years ní 2003, àti Gems from the Classic Years ní 2007. Ti 2003 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ti 2007 wà fún ẹni tí ti àkọ́kọ́ bá ti wọ̀ lára. Síìdì kan ń gba orin tí ó lé ní wákàtí kan, aṣọ rírọ̀ sì tó láti fi nu eruku rẹ̀. Bí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ yín bá ṣì ní ojú síìdì, ẹ ó gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dé Lọ́kọ́ja. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ló bá yín ṣa orin, orin tí ẹ sì ń wá gan-an lè má sí níbẹ̀.

Àwo kan wà tí n kò lè fò, bó tilẹ̀ jẹ́ ti Sunny Alade: èyí tí ó ṣe ní 1976 fún Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ọmọ Kano tí wọ́n pa ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún náà. Kì í ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n níhà Òkè Ọya yìí, mo ti rí i nílé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Èmi fúnra mi rà á, mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, ni orin àpàlà bá bẹ̀rẹ̀. Àpò nìkan ni mo yẹ̀ wò.

Kásẹ́ẹ̀tì kò yẹ ní ríra mọ́: fóòmù kékeré tí ń ti téèpù á ti bọ́, ohùn á sì máa rì. Èyí tí wọ́n ń dà sínú mẹ́mọ́rì káàdì ni ó pọ̀ jù, kò sí ọdún lára rẹ̀, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kọ́bọ̀ kan kò sì ní dé ọ̀dọ̀ olórin tí ó torí owó bá African Songs jà. Olùtajà kan ní Nyanya búra fún mi pé ti 1968 ni òun ń lò fún mi gbọ́. Kò tí ì pé ìṣẹ́jú kan tí pedal steel fi dún.