Kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù: èwo ni ká fi máa rọ epo sí katakata nílé?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Owó kẹ́ẹ̀gì kò pọ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún dísẹ́ẹ̀lì wúwo ju kìlógíráàmù 20 lọ, ẹ̀yìn ẹni tó ń gbé e dé ẹnu táǹkì ló sì mọ̀ ọ́n. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tó ní pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ wọ́n jù ú lọ, àmọ́ kò sí gbígbé. Ewu rẹ̀ ni omi tó máa ń kóra jọ sísàlẹ̀ bí kò bá kún, pàápàá nínú ọ̀rinrin etí ọ̀sà wa, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀pá pọ́ǹpù kanlẹ̀. Ẹni tó ń túlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ̀gì ti tó fún un. Ẹni tí katakata rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tó sì ní ibòji tó jìnnà sí iná, dúrọ́ọ̀mù ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.