Àjọ̀dún ìwé ní Abẹ́òkúta: ìjíròrò òǹkọ̀wé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí, èwo ló tó owó ọkọ̀?

Bí ẹ kò bá ní ju ọjọ́ kan lọ fún àjọ̀dún ìwé tí wọ́n ń ṣe ní Kútọ̀ yìí, yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí ni kí ẹ lọ jókòó sí. Ìjíròrò àwọn òǹkọ̀wé dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló ń fi iṣẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó kan, ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859, kí rògbòdìyàn Ìfọ́lé, níbi tí wọ́n ti lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú, tó fòpin sí i ní 1867. Àkọtọ́ òde òní, ìyẹn ìlànà tí a fi ń kọ Yorùbá sílẹ̀ lónìí, kò tíì sí nígbà náà. 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń wá “ìròyìn”, “ayé” àti “wọ́n” nínú àwọn ìwé àtijọ́ lè wá a títí láìrí i, nítorí “irohin”, “aiye” àti “nwọn” ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ ní kí kálukú kọ́kọ́ to irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí sórí ìwé kó tó ṣí ohunkóhun. Ó tọ̀nà. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kí ẹ wá kọ àkọtọ́ òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbígba ohùn àgbà sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fóònù ti tó. Ẹ kọ́kọ́ pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀, torí ìpè kan ṣoṣo lè dá ohùn tí ẹ ń gbà dúró. Ẹ má gbé e sórí tábìlì lásán, gbogbo ìró ọwọ́ ni yóò wọlé. Orí aṣọ tí ẹ ká ni kó wà. Ẹ pa fáànù. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó bá ti dà mọ́ ohùn, yíyọ rẹ̀ a máa ba ohùn náà jẹ́. Ọjọ́, ibi tí ẹ wà, orúkọ àgbà náà àti ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni kó ṣáájú. Ohùn WAV (fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀) alápá kan, tí wọ́n ń pè ní “mono”, sábà máa ń gba ohun tó lé díẹ̀ ní 5MB ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ẹ pèsè ju 300MB lọ sílẹ̀ fún wákàtí kan.

Tí àgbà bá ti ń ki oríkì, ẹ má dá a lẹ́nu kọ́ láti béèrè ìtumọ̀: okùn rẹ̀ á já, kò sì dájú pé yóò rí i so. Ẹ jẹ́ kó kì í tán, kí ẹ tó jọ tún un gbọ́ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ará Òwu àti ará Gbágùrá bá kì í lọ́nà méjì, ẹ pa méjèèjì mọ́. Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ máa fi sí i bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, pàápàá nínú oríkì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbó.

Ní ti ìjíròrò, wákàtí kan ni wọ́n pín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíka ìwé sì ń jẹ ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í dé ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé ìdáhùn là ń gbọ́ láìgbọ́ ìbéèrè. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi Yorùbá ṣe, òun sì ni èrò dá sí jù. Ìlú àwọn òǹkọ̀wé bíi Ọdúnjọ àti Tutuola yẹ kó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àyè rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ mú íápíìsì àti fóònù tí iná kún dání.