Ìwé ìròyìn Baltimore ọdún 1820 tí mo rà: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn tó èyí: Niles' Weekly Register, ẹ̀dà kan ti oṣù kejì ọdún 1820. Dọ́là 28 ni mo rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má retí ìwé fàkìà-fakia. Kò ju ìwé kíkà lọ, ojú ewé 16, kò sí àwòrán, kò sí ìpolówó ọjà. Lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé awò ojú mi ò tó o, àfi ìgbà tí mo wá èyí tó ń mú nǹkan tóbi. Àmọ́ bébà náà! Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe bébà nígbà yẹn, kì í ṣe igi, ìdí nìyẹn tó fi ṣì rọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn igba ọdún. Mo ní òmíràn ti ọdún 1890 tó ti gbẹ bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á rún.

Ọ̀rọ̀ Missouri ló kún inú rẹ̀. Amẹ́ríkà ti ra agbègbè ńlá tí wọ́n ń pè ní Louisiana lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1803 ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ilẹ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí Missouri, tó wà lórí ilẹ̀ yẹn, ní òun fẹ́ di ìpínlẹ̀, ìjà dé: ṣé ẹrú á wà níbẹ̀ àbí kò ní í sí? Àwa mọ ibi tó já sí. Wọ́n gba ìpínlẹ̀ méjì wọlé kí ìhà méjèèjì lè dọ́gba: Maine wọlé lóṣù kẹta ọdún 1820 láìní ẹrú, Missouri wọlé lọ́dún 1821 pẹ̀lú ẹrú. Àwọn aṣòfin tí mò ń ka ọ̀rọ̀ wọn kò tíì mọ̀. Ẹnì kan láyé àtijọ́ ti fi yíǹkì fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, yíǹkì náà ti di àwọ̀ ilẹ̀. “Dúkìá” ni ọ̀rọ̀ náà. Èèyàn dúdú bíi tèmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní láti gbé ìwé náà sílẹ̀ kí n tó lè kà á lọ.

Ohun tó bí mi nínú ni ọwọ́ tí oníṣòwò náà fi mú un. Ó ní kò ní àbààwọ́n, síbẹ̀ séèlótéèpù tó ti pọ́n bo ìlà mẹ́ta lójú ewé tó kẹ́yìn, inú àpòòwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì fi í ránṣẹ́, kò fi páálí gbè é. Ó dá dọ́là 10 padà fún mi nígbà tí mo kọ̀wé sí i. Ẹ béèrè fọ́tò gbogbo ojú ewé kí ẹ tó sanwó. Ti ihò abẹ́rẹ́ létí ìwé, ẹ má fòyà; wọ́n ti gán an pọ̀ mọ́ àwọn yòókù rí ni. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé ìròyìn Ulster County Gazette ti January 4, 1800, tó ròyìn ikú George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà: àtúntẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ jàra.

Èyí tí ọkàn mi ń fà sí báyìí ni ìwé ìròyìn Cherokee Phoenix, tí àwọn Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní New Echota, olú ìlú wọn nígbà náà, lóṣù kejì ọdún 1828, ní èdè tiwọn àti Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì ṣáájú òfin tí wọ́n fi lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Ọdún 31 ló fi ṣáájú Ìwé Ìròhìn tiwa l'Ábẹ́òkúta. Mo fẹ́ rí bí fífẹ̀ tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń fẹ̀ sí i yìí ṣe rí lójú ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.