Gbígba àgbà ajá láti ilé ìtọ́jú ẹranko: ohun tó dára níbẹ̀ àti ibi tó kù sí

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún gbígba ajá láti ilé ìtọ́jú ẹranko, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ajá tí kò ní olówó sí. Tó bá jẹ́ ti ajá tó ti lé lọ́dún méje nìkan là ń sọ, ǹ bá fún wọn ní márààrún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé àti àkọsílẹ̀ kò jẹ́. Màá dé orí ìyẹn.

Ẹni tó gba ọmọ ajá oṣù méjì ò tíì mọ ohun tó gbà. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà bó ṣe máa tóbi tó, tàbí bóyá ó máa fara mọ́ ọmọdé. Ajá ọdún mẹ́jọ ti kọjá gbogbo ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ pé ìta ni wọ́n ti ń tọ̀, wọn kì í já bàtà jẹ, wọ́n á rìn díẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀ àwọn gan-an ló ń pẹ́ jù nínú àgò, torí pé irun funfun ẹnu wọn ń lé èèyàn sá. Ó ń dùn mí, torí irun yẹn kì í ṣe ẹ̀rí ogbó: àwọn ajá kan ti ń hewú lẹ́nu láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìwọ̀n ara ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Ajá kílò 45 tó pé ọdún mẹ́jọ ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ajá kílò 5 tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ṣì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára àgò, ìfojúdá ni. Tí ajá bá fi máa pé nǹkan bí oṣù méje, eyín àgbà rẹ̀, méjìlélógójì (42), ti yọ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, bí eyín ṣe jẹ tó àti ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn ni dókítà ẹranko fi ń díwọ̀n. Ẹ ní kí olùtọ́jú bá yín gbé ètè ajá náà sókè. Erìgì tó dáa máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́; tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á funfun, àwọ̀ rẹ̀ á sì padà kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá méjì. Àwọn ajá kan ní erìgì dúdú, tiwọn, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ lẹ máa wò. Ẹ wá wo ìdí àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn: tí ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ bá ti le síbẹ̀, tí etí erìgì pupa, tí ẹnu ń rùn, iṣẹ́ eyín ń bọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní láti fi oògùn kun ajá lóorun kí wọ́n tó ṣe é, owó rẹ̀ kì í sì í kéré. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló máa ṣe é kẹ́ ẹ tó mú un lọ.

Tí ojú méjèèjì bá ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí èéfín, ogbó lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń ríran. Èyí tó funfun gbuu, tí ìmọ́lẹ̀ ò gbà kọjá, ni dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ kó sì dìde níwájú yín, kẹ́ ẹ máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ìwà tẹ́ ẹ rí nínú àgò kì í ṣe ìwà ajá náà. Ariwo àti òórùn ibẹ̀ ń dà á láàmú. Èyí tó ń fò mọ́ irin lè jókòó jẹ́ẹ́ níta, èyí tó ká jọ sígun sì lè wá fi orí nù yín lẹ́sẹ̀. Ẹ mú un jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má kàn béèrè bóyá ó máa ń gé èèyàn jẹ. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe tí ẹnì kan bá sún mọ́ abọ́ rẹ̀, tí wọ́n bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti gé èékánná, tí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀. Ohun tí olùtọ́jú fojú rí ló máa sọ, ìyẹn lẹ sì fẹ́.

Ibi tí ìràwọ̀ kan ti já bọ́ nìyí. Àkọsílẹ̀ ìlera tí wọ́n ń fúnni sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé kan: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, oògùn aràn, iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ. Fún àgbà ajá, kò tó. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ dókítà lódindi, pàápàá èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó sọ bí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè nípa aràn ọkàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri pẹ̀lú. Àyẹ̀wò kì í rí aràn náà kó tó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà tó ti wọ ara, nítorí náà ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nígboro gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣíìpù abẹ́ awọ, ohun kékeré tí wọ́n fi ń dá ajá mọ̀, ńkọ́? Nọ́ńbà lásán ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15) lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹ́ ẹ ò bá yí orúkọ àti fóònù tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ padà sí tiyín, ẹni tó bá rí ajá yín he á máa pe ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú kì í sọ èyí síta.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ajá ń sá lọ jù. Kò tíì mọ ilé, kò tíì mọ ohùn yín, tó bá sì fà sẹ́yìn, ìgbànú ọrùn á yọ gba orí rẹ̀. Ìka méjì péré ló yẹ kó gba abẹ́ ìgbànú náà. Ẹ fi okùn tó gba àyà kún un, kẹ́ ẹ so okùn ìfà mọ́ méjèèjì kẹ́ ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tuntun rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin, kó di ìdajì, kó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ikọ́ àgò, ìyẹn ikọ́ tí ajá ń kó ran ara wọn níbi tí wọ́n bá kó wọn jọ sí, lè má hàn títí di ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní ajá mìíràn nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jọ lo abọ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Níta, níbi tí kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn, ni kẹ́ ẹ ti fojú wọn kanra.

Tí àgbà ajá bá ń tọ̀ sínú ilé, ẹ má lù ú. Ẹ wọn omi tó ń mu fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Tó bá lé ní mìlílítà 100 fún kílò kan, ìyẹn lítà méjì fún ajá kílò 20, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà: ó lè jẹ́ kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ. Tí oríkèé bá ń ro ó, ẹ tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, kẹ́ ẹ sì gé èékánná rẹ̀ kúrú. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen tẹ́ ẹ̀ ń lò fúnra yín, wọ́n lè pa á. Oògùn oríkèé ti ajá wà lọ́wọ́ dókítà, yóò sì fẹ́ rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn kó tó kọ ọ́ fún yín.