Oní-12, oní-16 àbí oní-20: kátíríìjì wo ni kí ọdẹ ilẹ̀ Ọ̀kun gbára lé?

Lábẹ́ ọ̀pá ìbọn bàbá mi, wọ́n tẹ 16/65 mọ́ irin: oní-16 ni ihò rẹ̀, kátíríìjì rẹ̀ sì gùn tó mìlímítà 65. Ẹ ní láti tú ọ̀pá kúrò lára ìdí rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, ó fúyẹ́, kì í ta èèyàn léjìká. Kò sí igbó tí bàbá mi kò gbé e wọ̀ láàárín Ìsánlú àti Mopa. Lónìí, kò sí nǹkan kan tó ṣe ìbọn náà, kátíríìjì rẹ̀ ni kò sí. Lọ́dún tó kọjá mo wá a dé Kabba, mo dé Lọ́kọ́jà, mo sọdá sí Ìlọrin. Páálí méjì péré ni mo rí, owó tí wọ́n sì pè é ju ti oní-12 lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ọdẹ pé kó kọ́kọ́ wá kátíríìjì kó tó wá ìbọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ẹ tó ní irú ìbọn yìí. Ó ka ráífù ológun (oníwọ̀n 7.62mm, 9mm àti .300) àti ìbọn pump-action (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà síwá sẹ́yìn kí kátíríìjì mìíràn lè wọlé) sí èèwọ̀ fún aráàlú. Ẹ má gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi ìwé hàn yín, bó ti wù kó dínwó tó. Ẹ̀yin lẹ ó máa ṣàlàyé lójú ọ̀nà, kì í ṣe òun.

Nọ́ńbà wọ̀nyí máa ń rú ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lójú. Oní-20 kì í ṣe ẹ̀gbọ́n oní-12. Tí ẹ bá pín òjé tó wọn páùn kan, ìyẹn bíi 454 gíráàmù, sí ọta róbótó méjìlá tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á bá ihò oní-12 mu. Ẹ pín in sí ogún, ọta á kéré sí i, ihò náà á sì kéré sí i. Ihò oní-12 fẹ̀ tó mìlímítà 18.5, oní-16 tó 16.8, oní-20 tó 15.6. Ti .410 nìkan ló yàtọ̀, ínṣì ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn, ihò rẹ̀ ò sì ju mìlímítà 10.4 lọ.

Oní-12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ oní-16

Kátíríìjì oní-16 tó wọ́pọ̀ máa ń gbé ọta tó wọn gíráàmù 28. Oní-12 ń gbé 32 títí dé 36. Lójú ọ̀yà tó dúró ní mítà 25, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan rí láàárín méjèèjì. Ó dìgbà tí ẹran bá jìnnà tó mítà 35 kí iye ọta oní-12 tó fi ara rẹ̀ hàn, torí pé ọta wẹ́wẹ́ ti ń fọ́nká nígbà yẹn. Níbi ìrìn, oní-16 ló borí. Èyí tí wọ́n bá rọ dáadáa lè fi ìdajì kílò fúyẹ́ ju oní-12 lọ, ẹni tó bá sì dẹ̀gbẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ á mọ ohun tí ìdajì kílò jẹ́ léjìká.

Kí ló wá pa oní-16? Nínú ìdíje skeet ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí àwo amọ̀ tó ń fò, oní-12, oní-20, oní-28 àti .410 ni wọ́n ń yìn, wọn ò fi oní-16 sí i. Àwọn tó ń rọ ìbọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá oní-16 ka orí irin oní-12 kí iṣẹ́ lè yá, ló bá di pé ó wúwo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oní-20 olómìlímítà 76 dé, ìyẹn èyí tí kátíríìjì rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, tó lè gbé ẹrù oní-16. Oní-16 ṣì ń pa ẹran bó ṣe ń pa á tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kátíríìjì rẹ̀ ló ń dín kù.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń fi ráífù ńlá ṣọdẹ nílẹ̀ òkèèrè náà nìyẹn. Kátíríìjì ráífù kan tó ń jẹ́ .264 Winchester Magnum jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní 1962, 7mm Remington Magnum dé, ó gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tí .45-70 tó ti wà láti 1873 ṣì wà lórí àtẹ títí di òní. Bákan náà ni ìbọn oní-10 ṣe, èyí tó tóbi ju oní-12 lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe oní-12 olómìlímítà 89 ní 1988, ìdí tí èèyàn á fi ra oní-10 kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fi oní-10 lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Ní tiwa níbí, oní-12 ló wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ta kátíríìjì pẹ̀lú àṣẹ, oríṣiríṣi ọta ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí wẹ́wẹ́ fún àparò àti ẹtù, ẹ ó rí BB, ìyẹn ọta tó tóbi ju wẹ́wẹ́ lọ, fún ọ̀yà, ẹ ó sì rí ọta ńlá fún àgbọ̀nrín. (Ẹtu inú igbó, ẹtù tó ń fò, ẹ̀tù tó wà nínú kátíríìjì: ẹ fi àmì sí i tí ẹ bá ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ bá yín rajà.) Irú èyí tí Amẹ́ríkà ń pè ní 00, ọta mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mìlímítà 8.4. Ọta yẹn lè rìn kọjá 500 mítà. Nílẹ̀ Bùnú àti Yàgbà, níbi tí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oko iṣu ti wọnú ara wọn, mi ò ní yìn ín lóru láé.

Oní-20 àti .410

Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba títa oní-12 lè ra oní-20. Ó dára fún ẹyẹ, ehoro àti òkété. Ṣùgbọ́n kátíríìjì rẹ̀ kò pọ̀ tó ti oní-12 lọ́dọ̀ wa, ó sì ní ewu kan tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan jọ dẹ̀gbẹ́ lóru ọjọ́ kan. Oní-12 ni ìbọn rẹ̀, àmọ́ kátíríìjì oní-20 ti ọmọ rẹ̀ wà nínú àpò kan náà. Ó ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, kátíríìjì yọ̀ wọlé, ó lọ há síwájú nínú ọ̀pá. Ó fa apátí, ìbọn ò dún. Ó ṣí i, ó rí i pé ibi tí kátíríìjì ń jókòó ṣófo, ló bá fẹ́ ki oní-12 sí i. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n tan iná wò ó.” Mo tan iná láti ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀pá jáde. Ká ní ó yin èkejì yẹn, ọ̀pá ìbọn ì bá bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kun oní-20 ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má ṣe kó méjèèjì sínú àpò kan.

.410 kò bá ọ̀yà mu. Ọta inú rẹ̀ kéré, ẹ ó ṣe ẹran léṣe, kò ní kú, á lọ kú síbi tí ẹ ò ti ní rí i.

Lójú ẹni tó ń tà á

Ẹ má kàn wo ihò nìkan, ẹ wo gígùn. Wọ́n ń ṣe oní-12 ní mìlímítà 65, 70, 76 àti 89, ìgbà tí ẹnu kátíríìjì bá ti ṣí lẹ́yìn yíyìn ni wọ́n sì ń wọn ọ́n. Nítorí náà olómìlímítà 76 lè wọnú ìbọn tí wọ́n ṣe fún 70, kí ó sì jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹ bá yìn ín, ẹnu rẹ̀ kò ní ríbi ṣí sí, agbára á sì há sínú ọ̀pá. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ mọ́ ìbọn, kí ẹ ka ti páálí, kí méjèèjì bára mu. Ẹ wo ìdí idẹ kátíríìjì pẹ̀lú. Èyí tó bá ti hu àwọ̀ ewé, tàbí tí ara rẹ̀ wú, ẹ má gbà á. Ẹ má sì yí ìbọn padà lójú ẹnikẹ́ni bí ẹ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ ká kọ ẹnu rẹ̀ sí òun?

Tí ẹ bá jogún oní-16 bíi tèmi, ẹ má tà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ tàbí bébà wé oní-20 kó lè fún mọ́ inú rẹ̀. Ẹ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe lórúkọ yín. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí páálí kan tó bá 65 mu, ẹ rà á, kódà bí ẹ ò lọ sóko ọdẹ lóṣù yẹn. Oní-12 ni mo ń gbé lọ sígbó báyìí. Ti bàbá mi ń gba òróró lóṣooṣù, àwọn kátíríìjì inú páálí méjì yẹn sì wà nínú agolo gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.