Camberwell, West Ham tàbí White City: Ẹgbẹ́ Wo Ni Kí Ẹ Wọ̀ Nínú Army Reserve ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ má tíì wo fìlà. Ọkọ̀ tí yóò gbé yín débẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. London Guards, 7 RIFLES àti 4 PARA (àwọn sójà párásúùtù ní White City) la fẹ́ fi wéra. Ẹgbẹ́ Army Reserve ni wọ́n, ìyẹn ẹ̀ka ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó fẹ́ di sójà ẹlẹ́sẹ̀ láì fi iṣẹ́ oòjọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 27 lọ́dún ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń béèrè: alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ Túsìdeè, òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àti àgọ́ ọdọọdún tó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Woolwich, tó wá lọ forúkọ sílẹ̀ ní White City torí pé fìlà wọn wù ú, yóò máa pẹ́ dé títí tí kò fi ní lọ mọ́.

London Guards ló rọrùn jù fún ará Peckham. Ọdún 2022 ni wọ́n gba orúkọ yìí. London Regiment ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kọ́ńpìnì kọ̀ọ̀kan ló ní báàjì tirẹ̀, ti ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Guards tó ń ṣọ́ ààfin ọba: Irish Guards ní Flodden Road, Camberwell, Scots Guards ní Westminster, Coldstream ní Hammersmith, Grenadier ní Kingston. Bí ẹ bá rò pé ẹnu ọ̀nà ààfin lẹ ó máa dúró sí pẹ̀lú fìlà onírun, ẹ tún un rò. Inú igbó ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wà, pẹ̀lú ìbọn, nínú òjò.

Ará Stratford, Barking àti Dagenham, 7 RIFLES ní West Ham ló sún mọ́ yín. Ẹsẹ̀ wọn yá nígbà tí wọ́n bá ń yan: ìgbésẹ̀ 140 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí àwọn Guards ń gbé 116. Ẹni tó bá ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ̀kan, kó tó lọ sí èkejì, ara rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n.

4 PARA le ju àwọn yòókù lọ, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba. Ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú P Company, ìdánwò àwọn sójà párásúùtù, ní Catterick kí ẹ tó lọ kọ́ bí a ṣe ń fi párásúùtù fò ní Brize Norton. Máìlì 10 ni ìrìn ibẹ̀, láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50, pẹ̀lú ẹrù kílò 16 lẹ́yìn, láì ka omi àti ìbọn mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí èyí, ìṣẹ́jú kan wà tí ẹ̀yin àti ẹnì kan tó tó yín yóò fi máa kan ara yín lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì gbé ẹrù rìn rí, ẹ má fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹgbẹ́ tó yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú gbígbé ẹrù. Ìdánwò sójà ẹlẹ́sẹ̀ ni kìlómítà 4 pẹ̀lú kílò 40 ní ìṣẹ́jú 50, lẹ́yìn náà 2 pẹ̀lú kílò 25 ní ìṣẹ́jú 15. Bí a ṣe ń di bergen, báàgì ńlá ẹ̀yìn náà, ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Bí ohun tó wúwo bá wà nísàlẹ̀, yóò máa fà yín sẹ́yìn, ẹ ó tẹ̀ síwájú, ìbàdí yóò sì máa ro yín. Àpò ìsùn ni kó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wúwo, òkè, kó fara ti eegun ẹ̀yìn. Ẹ fi kílò 10 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi 2 tàbí 3 kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bàtà tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: gìgísẹ̀ tó bá léròrò ní Sátidé kò ní jẹ́ kí ẹ rin ti Sọ́ńdè.

Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù nìkan kò tó. Ẹ béèrè nípa ìwé ìgbélùú yín ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Òfin kò mú un ní dandan kó fún yín láyè fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ sójà ẹlẹ́sẹ̀ ní Catterick kò ṣe é gé sí wẹ́wẹ́.